Pósítà Tí Wọ́n Gbé Fún Wa Lẹ̀: Ta Ni Òfin Yóò Mú?



Púpọ̀ nínú àwa tí a ń tajà ní Sabon Gari, Kano níbí, kì í ṣe àwa la ń kọ ìpolówó ọjà wa. Aṣojú ilé iṣẹ́ ló ń gbé pósítà wá, tí a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí pósítà bá ní ọṣẹ kan ń wo gbogbo àrùn sàn, a ó ní ẹni tó kọ ọ́ ló ni ẹjọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà kó ẹni tó ṣe ọjà, ẹni tó kó o wọlé àti àwa tí a ń tà á pọ̀. Bí a bá mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí a fura, pé ohun tí wọ́n kọ sára ọjà ń tan èèyàn jẹ, a kò gbọdọ̀ pàtẹ rẹ̀. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni kí a máa ṣe. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ, oògùn tàbí ìpara, ká béèrè ìwé tí NAFDAC fi fọwọ́ sí ìpolówó náà. Nọ́ńbà ara páálí nìkan kò tó. Ká gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kó ọjà fún wa. Láìsí i, àwa nìkan ni wọn yóò rí mú. Bí ọ̀rọ̀ bá rú wa lójú, ká já pósítà náà sílẹ̀.

Bí ẹnì kan nínú wa bá tan oníbàárà jẹ, gbogbo Yorùbá ni wọn yóò bú. Ajé yóò máa wá wa o.