Rédíò Afọwọ́yí: Kí Ni Ó Ń Ṣe fún Ẹni Tí Ó Rà Á?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín jíròrò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ohun èlò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò tóbi ju ìwé atúmọ̀-èdè kan lọ. Rédíò ni, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a máa ń yí bí ẹni ń lọ ata. Bí a bá yí i, iná á wọ inú rẹ̀. Bí iná bá wọ inú rẹ̀, á sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń tà á ń pè é ní rédíò ìgbà pàjáwìrì. Rédíò afọwọ́yí ni èmi yóò máa pè é, nítorí orúkọ yìí sọ ohun tí ó jẹ́ láì bù mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi ń ta ẹ̀rọ, àti pé ẹni tí kò bá tú ọ̀rọ̀ ara páálí dáadáa ni yóò wá jókòó sínú òkùnkùn ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀. Ìbéèrè tí a sì máa ń gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ rédíò yìí ń ṣiṣẹ́? Bí mo bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀; bí mo bá sì dáhùn pé rárá, irọ́ ńlá ni. Ó kù sí ọwọ́ iṣẹ́ tí a rà á fún.

Ní ìlú Ìlọrin, kò sí ẹni tí ó nílò kí a ṣàlàyé àìsí iná fún òun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 nìkan, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ẹ̀rọ ìpín-iná gbogboogbò orílẹ̀-èdè yìí dákú, tí ọ̀pọ̀ ìlú sì jọ wọ inú òkùnkùn lọ́jọ́ kan náà. Bí iná bá lọ tí ó sì pẹ́, tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ àwọn òpó fóònù, fóònù ọwọ́ wa yóò di dígí lásán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń pa òpó náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 nítorí ọ̀ràn àwọn agbébọn. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2025, omíyalé ya wọ Mọ́kwá, ìlú tí ẹni tí ó bá gba Jẹ́bà sọdá odò Ọya láti Ìlọrin yóò bá lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ. Àwọn ará Pàtígi àti Ẹdú ní ìpínlẹ̀ tiwa náà mọ ohun tí odò Ọya lè ṣe, nítorí pé ìkún omi ọdún 2012 kò yọ wọ́n sílẹ̀.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Nupe lọ kò lè rí ohunkóhun fi àtẹ̀jíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù ṣe. Ohùn ènìyàn ní èdè rẹ̀ ni ó lè gbà á là, Rédíò Kwara sì ti ń fi Yorùbá, Nupe, Bàrùbá, Fúlàní àti Haúsá bá àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyí tí rédíò tí kò gbójú lé iná ìjọba, tí kò sì gbójú lé òkúta tí a ń rà lọ́jà, fi tó ohun tí à ń pe àgbà jọ lé lórí.

Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ rí àpótí yìí sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Lójú tèmi, ẹ̀sùn díẹ̀ wà nínú orúkọ náà: ẹni tí ń sọ tiẹ̀ tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ pàjáwìrì, ìwà yìí gan-an ni ó di àǹfààní. Fóònù kì í sinmi. Bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ń pe òpó, òpó ń dá a lóhùn, gbogbo ìpè àti ìdáhùn yìí ni ó sì ń jẹ iná. Rédíò tiwa ń tẹ́tí ni, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó wà lọ́nà jíjìn ni ó ń ṣe iṣẹ́ agbára. Nítorí náà ni ìwọ̀nba iná tí apá ènìyàn lè pèsè fi ń tó rédíò, tí kì í sì í tó fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ àwọn olùtajà wò láìpẹ́.

Ẹni tí ó sọ rédíò afọwọ́yí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Trevor Baylis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tí ó kú ní ọdún 2018. Ní ọdún 1991, ó ń wo ètò kan lórí tẹlifíṣàn nípa bí àrùn éèdì ti ń tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Ó gbọ́ níbẹ̀ pé rédíò lè gbé ìmọ̀ràn dé ìgbèríko, ṣùgbọ́n iná kò sí níbẹ̀, òkúta sì wọ́n. Ọkàn rẹ̀ lọ sí giramafóònù àtijọ́, èyí tí àwọn àgbà láàárín wa rántí pé a máa ń fi ọwọ́ yí kí àwo tó kọrin. Ó mú irin pẹlẹbẹ gígùn kan tí a ká jọ bí ẹní, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá kékeré. Bí a bá yí i fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, irin náà á máa tú ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ní Cape Town, ní ilẹ̀ South Africa, ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà láàárín ọdún 1995 sí 1996, Nelson Mandela pàápàá sì fi ojú rere wò ó.

Èmi kò fi ìfẹ́ tí mo ní sí rédíò àkọ́kọ́ yẹn pa mọ́. Irin tí a ká kì í kú nínú àpótí. Bí ẹ gbé e jù sí orí pẹpẹ fún ọdún márùn-ún, ọjọ́ tí ẹ bá yí i ni yóò sọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tóbi, ó wúwo, owó rẹ̀ sì ju apá ọ̀pọ̀ àwọn tí a torí wọn ṣe é lọ. Ohun tí a rò fún ìgbèríko Áfíríkà ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí ń lọ pàgọ́ sínú igbó fún ìgbádùn wá ń rà. Nígbà tí ó yá, àwọn aṣe-rédíò yọ irin náà, wọ́n fi bátìrì kékeré tí ń gba iná sára rọ́pò rẹ̀. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà lónìí. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lówó, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a ń yí kò bá rédíò sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Bátìrì ni ó ń bọ́, bátìrì ni ó sì ń bọ́ rédíò. Bí bátìrì bá kú, ẹ lè máa yí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka ara páálí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ báyìí pé, "Yí i fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú," èmi kò ní fún un ní máàkì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí ó ti fò dá. Ìtumọ̀ tí ó péye ni pé, "Kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ." Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìlérí, èkejì jẹ́ ààlà. Ẹni tí ó kọ páálí náà kò purọ́, ẹni tí ó kà á ni ó gbọ́ ohun tí ó wù ú. Láàárín ìlérí àti ààlà yìí ni ìbànújẹ́ ọ̀pọ̀ olùrà wà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó bá ń yí i ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò fi nǹkan bí wáàtì kan sí méjì ránṣẹ́ sínú bátìrì. Rédíò kékeré tí a kò gbé ohùn rẹ̀ sókè jù ń jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá wáàtì kan, tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀ bí a bá gbé ohùn sókè. Bí a bá yọ èyí tí ó ṣòfò lọ́nà kúrò, yíyí ìṣẹ́jú kan yóò fún wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn tó gbọ́ ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́ kò jẹ olówó rẹ̀ ní gbèsè.

Fóònù ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Lára ọ̀pọ̀ rédíò yìí ni ihò kan wà tí wọ́n ní a lè ti ibẹ̀ fún fóònù ní iná, ihò yìí sì ni àwọn olùtajà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bátìrì fóònù ńlá òde òní ń gba nǹkan bí wáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún fún wákàtí kan kí ó tó kún. Apá tí ń pèsè wáàtì kan tàbí méjì yóò yí ọwọ́ rédíò fún wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kún un. Ta ni yóò ṣe é? Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yí i tí ó sì làágùn yóò rí nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, bóyá méjì. Fóònù pẹlẹbẹ kò tilẹ̀ ní jí. Fóònù kékeré onítẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bátìrì rẹ̀ kéré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn lè fún un ní agbára ìpè kúkúrú kan, bí òpó bá wà láàyè láti gbà á. Iná tọ́ọ̀ṣì tí ó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, ìṣẹ́jú tí ẹ fi yí i ni ìṣẹ́jú tí yóò fi tàn, tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iná tíńtín, ó ṣe é kàwé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí ẹbí wọn ń fi rédíò yìí ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí a kọ WX sí, fún ilé-iṣẹ́ ojú-ọjọ́ tiwọn tí ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru lórí ìgbì 162. Ní Nàìjíríà, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju ariwo lọ, nítorí kò sí ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbì AM náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà tiwa ń fò ní mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án, tiwọn ń fò ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Rédíò tiwọn tí ń fi nọ́ńbà hàn lójú dígí, bí kò bá ní ibi tí a ti lè yí ètò rẹ̀ padà, yóò dúró lórí 610, yóò sì fò sí 620. Kò ní dúró lórí 612 tí a fi mọ Rédíò Kwara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí ó ní abẹ́rẹ́ tí ń rìn lójú rẹ̀, bíi ti àtijọ́, kò ní wàhálà yìí. FM náà kò ní í: Harmony tí ó wà ní Ìdófìàn lórí 103.5 àti rédíò Yunifásítì Ìlọrin lórí 89.3 yóò wọlé.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn olùrà ṣe ń gbójú fo pákó dúdú kékeré tí ó wà lórí rẹ̀, èyí tí ń gba agbára oòrùn. Ó ṣe é ṣe kí ó kéré jọjọ ní ìlú àwọn aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n oòrùn Ìlọrin kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn. Bí a bá gbé e sí ojú fèrèsé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iná tí yóò gbà lè tó èyí tí ènìyàn yóò fi wákàtí kan yí. Ọwọ́ tí a ń yí wà fún òru, fún òjò, àti fún ọjọ́ tí ọyẹ́ bá bo oòrùn. Kí ẹ sì nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú pákó náà. Ẹ má sì gbé rédíò fúnra rẹ̀ sí àárín oòrùn ọ̀sán gangan lórí páànù, nítorí ooru ń ba bátìrì jẹ́ ju àìlò lọ.

Àìlò náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí: wọ́n rà á fún ọjọ́ burúkú, wọ́n tì í sínú àpótí, ọjọ́ burúkú dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n bá òkú bátìrì. Ẹ máa lò ó nígbà tí ara dẹ̀. Ẹ fún un ní iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yí i díẹ̀, ẹ gbọ́ ìròyìn kan. Eyín ìkẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ike. Ẹni tí ó bá ń yí i pẹ̀lú ìbínú yóò kán an. Ẹni tí làkúrègbé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá nìkan rà á. Ó gbọ́dọ̀ ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí yóò máa bá a yí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rédíò lásán tí ń lo òkúta, pẹ̀lú òkúta tuntun mẹ́rin nínú ọ̀rá, yóò ṣe é lóore jù.

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dán an wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹ má ṣe é ní ìsọ̀ olùtajà, ìbáà ṣe ní Ọjà Tuntun tàbí níbòmíràn, nítorí pé bátìrì rẹ̀ lè ti kún kí ẹ tó dé. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ọmọ kan wá yí i fún ìṣẹ́jú kan géérégé, kí òmíràn gbé aago lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ó fi sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì, àti ọjọ́ tí ẹ dán an wò, ní èdè tí gbogbo ará ilé gbọ́.