Ògbólógbòó Kọ̀ǹpútà: Ilé-Ẹ̀kọ́ tàbí Májèlé?
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́

A tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó wà ní igun ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, tí eruku ti bò, tí a kò lò mọ́, tí a kò sì mọ ohun tí a ó fi í ṣe. Ohun náà ni ògbólógbòó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè, àṣà àti ìlọsíwájú ìran wa ń fi àsìkò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ohun àlòkù. Ṣùgbọ́n ìlọsíwájú ìlú kò sí nínú ohun tí a rà nìkan. Ó wà pẹ̀lú nínú ohun tí a mọ̀ ọ́n tún ṣe, àti nínú ọ̀nà tí a ń gbà palẹ̀ ohun tí ó ti bàjẹ́ mọ́. Èrò wa ni pé ó yẹ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ògbólógbòó ẹ̀rọ a di ilé-ẹ̀kọ́. Níbi tí kò bá sí, ẹ̀rọ kan náà a di májèlé.

Ìwà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa kì í sọ irin nù. Ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ tán a padà sí ilé alágbẹ̀dẹ. Ewìrì a fẹ́ sí i, òòlù a lù ú, a sì di ọ̀bẹ. Ìmọ̀ ni ó fi ìyàtọ̀ sí àárín irin àti pàǹtí: ohun tí ojú òpè kà sí pàǹtí, ọjà ni lójú alágbẹ̀dẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1975, nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn péjọ sí ilé ìgbọ́kọ̀sí ọ̀gbẹ́ni Gordon French, ní ìlú Menlo Park ní California, ní Amẹ́ríkà. Homebrew Computer Club ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí olúkúlùkù bá mọ̀ ni ó fi ń kọ́ ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Steve Wozniak wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́; nígbà tí ó di ọdún 1976, òun àti Steve Jobs wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Apple sílẹ̀. Ní ìlú Portland, ní Amẹ́ríkà kan náà, a dá ẹgbẹ́ Free Geek sílẹ̀ ní ọdún 2000. Àwọn yìí ń gba kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kò fẹ́ mọ́, wọ́n ń tún èyí tí ó ṣe é tún ṣe, ẹni tí kò sì lówó lọ́wọ́ ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba kọ̀ǹpútà lọ sí ilé níbẹ̀ rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé nǹkan òyìnbó nìyẹn, kí ó bojú wo Lomé, ní Tógò, tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou, ayàwòrán-ilé, ṣí ilé iṣẹ́ tí ó pè ní WoeLab sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ní ọdún 2013, Kodjo Afate Gnikou, tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ mìíràn tí a ti kó dànù ṣe ẹ̀rọ kan tí ń tẹ ohun tí a lè fọwọ́ gbá mú jáde láti inú ike yíyọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a tún máa to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì náà a sì di kọ̀ǹpútà. Kẹ́ẹ̀gì tí àwa fi ń pọn omi ni!

Níhìn-ín, ọwọ́ kò wọ́n wa. Ẹni tí ó bá ti dé òpópónà Otigba ní Ìkẹjà mọ̀ pé àdúgbò tí ènìyàn ń gbé nígbà kan rí ti di ọjà kọ̀ǹpútà ńlá, níbi tí ọmọdékùnrin ti ń tún ohun tí olówó rẹ̀ ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ ṣe. Ohun tí a kò ní ni ètò tí yóò gbé ọgbọ́n náà dé ìlú kéékèèké, tí yóò sì bójú tó èyí tí kò ṣe é tún ṣe mọ́.

Kí ni ó wà nínú ẹ̀rọ yìí? Wúrà wà níbẹ̀, fàdákà wà níbẹ̀, bàbà sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Japan fi èyí han gbogbo ayé. Láti ọdún 2017 dé 2019, wọ́n gba nǹkan bí 79,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ kéékèèké àti fóònù tí ó ju 6,000,000 lọ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti yọ wúrà kílò 32 àti fàdákà kílò 3,500, òun ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀bùn àwọn tí ó borí nínú eré Òlíḿpíìkì ti Tokyo.

Ṣùgbọ́n inú àpótí kan náà ni ikú wà. Òjé wà nínú dígí àwọn ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ní ìdí gbọ̀ǹgbọ̀, ó sì wà nínú ohun tí a fi jó ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ àtijọ́. Mákúrì wà nínú iná tí ń tan ojú àwọn mìíràn. Nígbà tí a bá dáná sun wáyà kí ike rẹ̀ lè jó kúrò lára bàbà, èéfín rẹ̀ a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, eérú rẹ̀ a sì bá àgbàrá lọ sí odò. Ohun tí òjé lè ṣe fún ọmọdé kò fara sin fún orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tí ó jáde láti inú òkúta wúrà tí a ń fọ́ lágbàlá ilé pa ọmọdé tí ó tó 400. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, kò sì mọ ọ̀nà tí òun gbà wọlé.

Ẹrù náà sì pọ̀. Ní ọdún 2022, gbogbo ayé kó ẹ̀rọ tí ó tó 62,000,000 tọ́ọ̀nù dànù; èyí tí a rí àkọsílẹ̀ pé a tọ́jú bí ó ti yẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ọdún 2005, àwọn Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó. Wọ́n ròyìn pé nǹkan bí 500 kọ̀ntẹ́nà ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọ èbúté wa lóṣooṣù nígbà náà, àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ní èrè láti tún ṣe. Ìwádìí tí a ṣe ní ọdún 2015 àti 2016 tún fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná mànàmáná àlòkù ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni a sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pamọ́ sí.

A kò lè wí pé òfin kò sí. Ní ọdún 1988, nígbà tí a bá àgbá májèlé láti Ítálì nílùú Kókó, ìjọba ṣe òfin lọ́dún náà. A dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007, a sì ṣe ìlànà lórí ẹ̀rọ iná mànàmáná ní ọdún 2011. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kò ní ọwọ́ tí yóò fi tú ẹ̀rọ palẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kí a lé àwọn tí ń sun wáyà kúrò nílùú. A kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba Gánà wó Agbogbloshie ní Akra. Àwọn tí ń sun wáyà kò tìtorí èyí ṣíwọ́, ibòmíràn ni wọ́n gbé iná lọ. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kí a fi ọ̀nà tí ó sàn hàn wọ́n ni ó tọ́: ẹ̀rọ tí ń bó wáyà láìlo iná wà, bàbà tí kò jóná sì ṣe é tà.

Nítorí náà, a gbé àbá mẹ́rin kalẹ̀ níwájú yín. Èkíní, kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá yàrá kan, ìbáà ṣe ní ààfin tàbí ní ilé-ìwé, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lábẹ́ oníṣẹ́ kan tí ó mọṣẹ́. Èkejì, kí a ya ẹ̀rọ tí a bá gbà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí yóò tún ṣiṣẹ́, èyí tí a lè yọ ẹ̀yà lára rẹ̀, àti èyí tí ó ti kú pátápátá. Kí èyí tí ó jí lọ sí àwọn ilé-ìwé wa. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le ni a ó sì máa tìtorí èyí kó dànù. Linux, tí a kì í sanwó fún, lè mú irú wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ètò ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, tí ọmọ yóò fi lè kọ èdè baba rẹ̀ pẹ̀lú àmì.

Ẹ̀kẹta, kí a pa ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́ kí a tó fi í fún ẹlòmíràn. Àwọn tí ó wá ní ọdún 2005 rí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Èkó. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fọ́ ojú kọ̀ǹpútà, kí a má ṣe sun wáyà, kí a má ṣe fi ásíìdì wá wúrà. Kí a kó èyí tí ó kú jọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fún ní àṣẹ, nípasẹ̀ EPRON, tí a dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2018.

Ẹ̀yin Ìjòyè, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ní ìka tí ó lè tú bọ́ọ̀dù kéékèèké. Ẹ̀yin ni ẹ ní ilẹ̀, ọjà àti àṣẹ. Bí ẹ bá fi àṣẹ yín dá iná yìí dúró lẹ́yìn ọjà, tí ẹ sì ṣí yàrá kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ìròyìn ohun tí ó ṣe wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.