Oòrùn wa, omi wa: ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí a fi fẹ̀yìn tì, ohun kan wà tí a rí lọ́pọ̀ ìgbà: ìwé àdéhùn kì í dé ọ̀dọ̀ ará ìlú àfi ìgbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó dé.

Ẹ mọ Pobè. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná ní Illoulofin níbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 25. Ní báyìí, àwọn orílẹ̀-èdè ń wá ibi tí oòrùn ti mú dáadáa, kí wọ́n lè fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe ídrójẹ́ẹ̀nì.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ kan ni, òun ló fúyẹ́ jù lọ. Ó wà nínú omi. Tí iná mànàmáná bá gba inú omi kọjá, omi á pín sí méjì: ídrójẹ́ẹ̀nì níhìn-ín, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lọ́hùn-ún. Tí a bá sì sun ún, omi ló máa ń dà padà, kì í rú èéfín. Ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù tí ayé ń lò lónìí, inú gáàsì abẹ́ ilẹ̀ àti èédú ni wọ́n ti ń yọ ọ́, èyí sì ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ẹni tó bá ní tòun mọ́, ẹ bi í pé: iná wo lẹ fi ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Kílò kan ń gba omi lítà 9, ó kéré tán, láìka omi tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ tutù. Ó ń gba iná bíi kílówáàtì-wákàtí 50. Agbára tó wà nínú kílò náà kò ju 33 lọ. Tí wọ́n bá tún sọ ọ́ di iná mànàmáná, ó tún dín kù sí bí ìdajì. Nítorí náà, abúlé tí ò níná, àwo oòrùn lórí òrùlé ló yẹ ẹ́. Ídrójẹ́ẹ̀nì kọ́.

Níbo ló ti lè wúlò fún wa? Ajílẹ̀ òyìnbó ni! Ídrójẹ́ẹ̀nì ni wọ́n fi ń ṣe amóníà, amóníà ni wọ́n sì fi ń ṣe yúríà. Àgbẹ̀ òwú àti àgbàdo ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ò tíì gbàgbé bí ajílẹ̀ ṣe wọ́n ní ọdún 2022.

Ẹ wo Nàmíbíà. Ní ọdún 2023, ìjọba wọn bá ilé iṣẹ́ Hyphen ṣe àdéhùn. Omi òkun ni wọ́n fẹ́ yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lò ó, òkè òkun ni wọ́n sì fẹ́ kó ọjà náà lọ. Àwa ńkọ́? Kò sí òkun ní Kétu. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, àwọn ìyá wa mọ ìyà kànga gbígbẹ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí àwọn aṣojú wa ní kọ̀múùnù bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta lójú gbogbo ìlú. Àkọ́kọ́, níbo lẹ ti máa fa omi? Èkejì, ṣé ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ yá a fún ìwọ̀nba ọdún? Ẹ̀kẹta, èló nínú iná àti ajílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dúró sílé?

A ò ní kí ẹ lé àlejò o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ pé ẹ̀yin á kàn máa ṣọ́ géètì. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.