Ibi tí Àwòrán Aṣọ Parí Sí ni Abẹ́rẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Olóòtú ètò yìí bi wá léèrè bóyá iṣẹ́ ọnà kankan tún ṣẹ́kù fún ọwọ́ ọmọ ènìyàn lára aṣọ tí ẹ̀rọ ti tẹ àwòrán sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ lè gbé mì. Èsì tèmi ni pé iṣẹ́ ṣẹ́kù, abẹ́rẹ́ ni yóò sì ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbora onípele mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ ojú wà lókè, òwú wà láàárín, aṣọ ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀. Ìrán abẹ́rẹ́ ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí a bá fi ańkárá ẹlẹ́yẹ ṣe àárín ojú rẹ̀, tí a sì fi aṣọ tí kò ní àwòrán ṣe ìṣẹ́tí yí i ká, ó ṣeé ṣe kí ibi tí a ti gé ańkárá náà bọ́ sí agbedeméjì ìyẹ́ ẹyẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ka ìṣẹ́tí náà sí ọgbà tí ẹyẹ kò gbọdọ̀ fò kọjá. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi òwú ya ìdajì ìyẹ́ tí ó kù sórí ìṣẹ́tí, ẹyẹ yóò sì na ìyẹ́ rẹ̀ tán.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Aṣọ òwú alátẹ̀ láti ilẹ̀ Íńdíà gbayì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, títí àwọn tí ń hun aṣọ onírun àgùntàn àti sílíkì fi figbe ta. Ìjọba ṣe òfin láti dènà rẹ̀ ní 1700, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1721, èyí tí a kò mú kúrò títí di 1774. Ohun tí ó wọ́n kì í ṣe ohun àfiṣòfò. Àwọn obìnrin a máa gé òdòdó àti ẹyẹ ara irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a rán wọn mọ́ ojú aṣọ funfun, nígbà mìíràn wọn a sì fi abẹ́rẹ́ ya ẹ̀ka tí ó so òdòdó kan mọ́ èkejì.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, John Hewson, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1744, tí ó sì dé Philadelphia ní 1773, tẹ àwòrán ìkòkò òdòdó kan tí ó lókìkí. Àwọn aránṣọ fi í ṣe àárín ìbora, wọ́n sì fi ìṣẹ́tí lé ìṣẹ́tí yí i ká. Orúkọ Hewson kò parẹ́. Orúkọ púpọ̀ nínú àwọn tí ó sọ àwòrán rẹ̀ di odidi ìbora ti wọlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo aṣọ Egúngún: oríṣiríṣi àbala aṣọ, tí a fi aṣọ mìíràn tí ó rí bí eyín ayùn gbá létí. Ẹbí a sì máa fi àbala tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìṣẹ́tí kì í ṣe òpin níbẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ náà? Kí ó kọ́kọ́ fi ojú tọ ilà àwòrán dé etí aṣọ, kí ó mọ ibi tí ilà náà ń lọ. Kí ó fi ṣọ́ọ̀kì fà á sórí ìṣẹ́tí. Kí ó wá mú òwú tí ó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, kí ó máa rán láti àárín bọ̀ sí etí, kí aṣọ má baà ká jọ. Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ gbàgbé: bí ìrán bá pọ̀ láàárín, tí ó sì ṣọ̀wọ́n létí, àárín yóò súnkì, etí yóò sì máa ru bí ìgbì omi. Ó yẹ kí ìṣẹ́tí gba ìpín tirẹ̀ nínú ìrán.

Èdè ni iṣẹ́ mi, mo sì rí i pé bákan náà ni òwe rí. Kò sí ẹni tí ó pa òwe ní ọjọ́ òní tí ó lè sọ pé òun ni òun dá a. A bá a nílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bá àwòrán lára ańkárá. Síbẹ̀, bí a ti so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni a fi ń mọ ọlọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ má wo kìkì bí ìṣẹ́tí ti gún tó. Ẹ béèrè ohun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi kún ohun tí ó bá nílẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi òwú kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun kan lẹ́yìn ìbora náà, kí ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lè mọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́.