Káàdì Tí A Rà, Kọ́kọ́rọ́ Tí A Kò Rà

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kwame Nkrumah, mo júbà. Ìbà ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí ìjàkadì jẹ́ orò wọn, ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá, tí baba yín ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Asante yìí kí òfin ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ohun-ìní sì ni: kí ni ẹni tí ó ra káàdì àwòrán rà ní ti gidi, bí àṣẹ tí a fi ń mú káàdì náà ṣiṣẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é?

Káàdì àwòrán ni ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ń ya gbogbo ohun tí à ń rí lójú rẹ̀, òun kan náà sì ni àwọn onímọ̀ ń lò lóde òní láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní èdè ènìyàn, títí kan Yorùbá àti Twi. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tààrà lẹ́nu kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ó di dandan kí alágbàtà kan wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ni à ń pè ní driver, àwọn baba wa sì ti wí pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, ti gbé Linux jáde ní 1991, tí ó sì fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìlànà ibẹ̀ ni pé kí àkọsílẹ̀ ètò náà wà ní gbangba, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, kí ó sì tún un ṣe. Nínú àwọn tí ń ṣe káàdì àwòrán, Intel fara mọ́ èyí. AMD, lẹ́yìn tí ó ra ATI ní 2006, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé nípa àwọn káàdì rẹ̀ jáde ní 2007, driver rẹ̀ tí ń jẹ́ amdgpu sì wọ inú kernel ní 2015. NVIDIA, tí a dá sílẹ̀ ní California ní 1993, ni kò gbà. Ó ti driver tirẹ̀ mọ́ inú àpótí. N kò ní purọ́ mọ́ wọn o: driver náà yára, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí ìyà wà nìyí. Kernel a máa yí padà lóòrèkóòrè, bí ó bá sì ti yí padà, a ní láti tún apá kan driver náà kọ́ kí ó lè bá èyí tuntun mu, iṣẹ́ tí ètò kékeré kan tí ń jẹ́ DKMS máa ń ṣe láìpariwo. Bí ó bá rí i ṣe, onílé kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí i ṣe, tàbí bí dumsor tí ẹ̀yin ará ibí mọ̀ dunjú bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà náà yóò jí pẹ̀lú ojú dúdú kirikiri, àmì kékeré kan a sì máa ṣẹ́jú ní igun òkè lọ́wọ́ òsì. Ẹni tí ó bá gbọ́n sí i yóò tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, yóò bọ́ sí ojú-ewé tí kò ní àwòrán kankan, yóò tẹ nvidia-smi síbẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì dá a lóhùn pé òun kò rí driver bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi dátà tí ó fi owó rà gba fáìlì driver náà, tí ó wọn nǹkan bí 300 mẹ́gábáìtì. Ẹni tí kò gbọ́n sí i yóò gbé e lọ bá alátùn-únṣe, ìyẹn yóò sì pa Linux rẹ́ pátápátá. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Kernel pàápàá kò fi ìkórìíra rẹ̀ pamọ́. Bí driver títì bá ti wọlé, yóò kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé èérí ti ta sí òun, bí ẹ bá sì gbé ẹ̀sùn tí ó ní àmì yẹn lọ bá àwọn tí ń tọ́jú kernel, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ní kí ẹ lọ bá ẹni tí ó ni àpótí. Ní 2012, nígbà tí obìnrin kan béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ Torvalds ní Yunifásítì Aalto ní Finland, ó ní nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ tí àwọn ti bá da nǹkan pọ̀, NVIDIA ni ó burú jù, ó sì kọjú sí kámẹ́rà, ó na ìka kan tí ọmọlúwàbí kì í nà níwájú àgbà.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó ti káàdì náà, wọ́n ń ṣọ́ ohun tí driver títì ń kọ sínú rẹ̀, wọ́n ń fi èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, títí wọ́n fi hun driver tiwọn, tí wọ́n sọ ní Nouveau, tí ó sì wọ inú kernel ní 2010. Iṣẹ́ takuntakun ni, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó sì yẹ kí a fi kí wọn. Ṣùgbọ́n láti orí ìdílé káàdì GTX 900, tí ó jáde ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òǹtẹ̀ àṣírí sí ètò tí ń gbé inú káàdì fúnra rẹ̀, débi pé ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ náà kò lè mú kí káàdì kúrò ní ìrìn àárọ̀ tí ó fi jí, kí ó bọ́ sí eré. Bẹ́ẹ̀ ni Nouveau ṣe di ẹni tí ó wọ ilé tí wọn kò jẹ́ kí ó jókòó.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni NVIDIA ṣí apá driver rẹ̀ tí ń wọ inú kernel sílẹ̀, ariwo ayọ̀ sì ta. Kí a má gbàgbé pé apá òkè ṣì wà nínú àpótí, àti pé káàdì tí ó jáde láti 2018 nìkan ni ìlẹ̀kùn náà ṣí fún. Àwọn tí ó wà láàárín, GTX 900 ti 2014 àti GTX 10 ti 2016, kò rí ti ibí, wọn kò rí ti ọ̀hún: òǹtẹ̀ kò jẹ́ kí Nouveau sá eré lórí wọn, ẹ̀ka driver 580 tí ó jáde ní 2025 sì ni ìkẹyìn tí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe fún wọn. Ta sì ni ó ni àwọn káàdì wọ̀nyí báyìí? Ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ rà wọ́n ti ra tuntun tipẹ́. Àwa tí à ń ra tòkunbọ̀, ní Kumasi, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ni wọ́n kú sí lọ́wọ́.

Ẹ wo Suame Magazine, ibùdó àwọn alátùn-únṣe ọkọ̀ tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. Ọkọ̀ tí àwọn tí ó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀ láti ogún ọdún wá ń jí dìde níbẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ẹni tí ó ní sípánà lè tú ẹ́ńjìnnì, kí ó wo ohun tí ó jẹ, kí ó sì rọ òmíràn. Yunifásítì yìí sì mọ iyì iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀, tí ó dá sílẹ̀ ní 1972, fi lọ ṣí ibi iṣẹ́ sí Suame ní 1980 láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀nà tuntun. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kọ lẹ́tà sí Jámánì kí ó tó tú bóòtù. Ìmọ̀ kò wọ́n wa lórí káàdì àwòrán náà. Òǹtẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ wa. Àwọn onílé-iṣẹ́ a máa wí pé àṣírí òwò ni, pé ọwọ́ ẹlòmíràn sì wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀hún. Èmi gbà fún wọn níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ṣì ń tà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé àwọn ti fọwọ́ kúrò lórí káàdì kan, kí ni wọ́n tún ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe nínú àpò? Èyí ni ohun tí ó yẹ kí ìjọba àti àwọn yunifásítì wa máa béèrè kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé ọjà.

Títí tí wọn yóò fi dáhùn, ẹni tí ó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Adum ní Kumasi níbí, kí ó mú fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ dání, kí ó tan ẹ̀rọ láti orí rẹ̀, kí ó sì tẹ lspci -k. Bí i915 tàbí amdgpu nìkan bá hàn níwájú káàdì àwòrán, kí ó sanwó. Bí nouveau bá wà níbẹ̀, kí ó wo orúkọ káàdì náà dáadáa, bí ó bá sì jẹ́ ti 2014 sí 2017, kí ó ná an wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á ná, ẹ wà lórí kernel ọlọ́jọ́ gígùn, èyí tí a ń tọ́jú fún ọdún púpọ̀, pẹ̀lú driver 580, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ yọ kernel àtijọ́ kúrò títí ẹ ó fi rí i pé èyí tuntun tan àwòrán.