Omi Tí Ó Mọ́ Lójú, Ṣé Ó Mọ́ Nínú?

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú ètò ààbò bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkẹjà

 

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ilé olówó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ óò ní kí ló kàn wá níbẹ̀, àwa tí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ṣì ń fún ní wàhálà ní àárọ̀. Ẹ fara balẹ̀. Ta ní ń fọ àwọn adágún wọ̀nyẹn? Àwa náà ni. Bí a bá ti jáde ṣífíìtì ní Ọba Akran ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn kan nínú wa a máa gba GRA Ìkẹjà lọ, àwọn mìíràn a gba Ọ̀pẹ̀bí tàbí Mágodò lọ, láti fọ adágún kí owó oúnjẹ lè tó. Àwọn awakọ̀ wa ni wọ́n ń kó kẹ́míkà rẹ̀ káàkiri. Ọmọ tiwa náà sì lè bẹ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é síbi àṣeyẹ.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò wa kan wá bá mi. Ọ̀gá tí ó ń bá fọ adágún ti ra ẹ̀rọ tuntun kan. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé bàbà àti fàdákà ni ẹ̀rọ náà fi ń pa kòkòrò, pé kí wọ́n da kílórìn nù pátápátá. Ọ̀gá sì ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àbúrò wa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni? Bí ọmọ kan bá wá ṣàìsàn ńkọ́, ta ni wọn yóò dì mú?" Ìbéèrè yẹn ni mo wá dáhùn níwájú gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kílórìn ń ṣe. Ní iléeṣẹ́ omi bíi ti Ìjù àti Àdìyàn, tí kò jìnnà sí Agége níbí, kílórìn ni a fi ń pa kòkòrò kí omi tó wọ páìpù. Ìdí rẹ̀ ni pé ó yára. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, yóò sì tún dúró sínú omi bí ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ ẹ́ tán. Òógùn àti ìtọ̀ náà a máa jẹ ẹ́ tán. Òórùn líle tí ń ta ni nímú létí adágún, tí ojú fi ń pọ́n, kì í ṣe àmì pé kílórìn pọ̀ jù. Ìtọ̀ àti òógùn ni ó ti bá kílórìn pọ̀ tí ó fi ń rùn bẹ́ẹ̀. Omi tí a tọ́jú dáadáa kì í rùn tó bẹ́ẹ̀.

Kílórìn ní ewu tirẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, afẹ́fẹ́ kílórìn ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò jáde láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí o gbé dání bí ásíìdì bá kan ìyẹ̀fun kílórìn. Èmi fúnra mi rí i. Nígbà tí mo ṣì ń fọ adágún ní ilé kan tí n kò ní dárúkọ, ife kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Mo fi bu ásíìdì, n kò ṣàn án dáadáa, mo tún fi bu kílórìn. Kí n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, èéfín ti bo ojú mi, ọ̀fun mi sì sé. Mo sá jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń wúkọ́, n kò sì lè lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Owó tí mo gbà ní ọjọ́ náà kò tó ra oògùn ikọ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá mú ohun tí yóò dín kílórìn kù wá, èmi kò ní bá a jà. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe irọ́. Ọ̀pá bàbà àti fàdákà ni wọ́n fi sínú páìpù tí omi ń gbà kọjá, wọ́n wá ń rán iná mànàmáná díẹ̀ sí i, bí èyí tí bátìrì ń mú wá. Iná yẹn a máa yọ èérún bàbà àti ti fàdákà tí ojú kò lè rí sínú omi. Bàbà a máa pa ewé omi tíntìntín tí ń mú ògiri adágún yọ̀. Fàdákà a máa pa ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò àrùn. Irú kan wà tí ń léfòó lórí omi, tí ń gba agbára lára oòrùn. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, NASA ti Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀rọ fàdákà bẹ́ẹ̀ fún omi mímu àwọn tí yóò wọ ọkọ̀ Apollo lọ sí òṣùpá. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan lókè òkun, bàbà àti fàdákà ni wọ́n fi ń lé kòkòrò kúrò nínú páìpù omi gbígbóná.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọlọ́jà kò bá wa dé nìyí. Bàbà àti fàdákà kì í yára. Kòkòrò tí kílórìn yóò pa ní ìṣẹ́jú kan lè pẹ́ gan-an kí àwọn tó pa á, pàápàá àwọn tí ó kéré jù lọ tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ọmọ tí ó bẹ́ sínú omi lẹ́yìn ọmọ tí inú ń run kò ní dúró de fàdákà. Èkejì, kílórìn a máa jó ìdọ̀tí òógùn, ìtọ̀ àti ìpara run. Bàbà àti fàdákà kì í ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀kẹta, bí iná bá lọ tí pọ́ǹpù sì dúró, ẹ̀rọ tí ó wà nínú páìpù ti sùn nìyẹn. Omi lè máa dán bíi dígí nítorí pé bàbà ti pa ewé inú rẹ̀, kí kòkòrò àrùn sì kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wà, kí kílórìn náà wà, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbógun ti àrùn, CDC, sọ pé kílórìn inú adágún kò gbọdọ̀ dín sí mílígíráàmù 1 nínú lítà omi kan. Bí ó bá jẹ́ irú kílórìn tí wọ́n po oògùn tí kì í jẹ́ kí oòrùn jẹ ẹ́ mọ́, kò gbọdọ̀ dín sí 2. Kíkan omi, tí wọ́n ń pè ní pH, kí ó wà láàrin 7.0 sí 7.8. Omi bohò agbègbè wa sábà máa ń kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Bàbà náà, nǹkan bí 0.3 tó, bí ó bá pọ̀ jù, yóò kun ara ògiri, yóò sì sọ irun funfun di àwọ̀ ewé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Adágún tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó jìn ní mítà 1.25, lítà 50,000 ni omi rẹ̀. Kí kílórìn rẹ̀ tó fi 1 gòkè, gíráàmù 50 kílórìn gidi ni a nílò. Bí ìyẹ̀fun inú ike bá jẹ́ ti 65 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 77 ni a óò wọ̀n. Ṣé ẹ rí i? Àwa tí à ń fi agolo da á lọ́wọ́ kan, owó ọ̀gá ni à ń sọ nù, ẹ̀dọ̀fóró ara wa ni à ń jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ adágún, ẹ mú èyí lọ sílé. Ìyẹ̀fun ni ẹ ó dà sínú omi, ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun lórí láéláé. Ife ásíìdì yàtọ̀, ife kílórìn yàtọ̀. Ẹ má po oríṣi kílórìn méjì pọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín. Bí èéfín bá yọ, ẹ sá síbi gíga, nítorí afẹ́fẹ́ kílórìn wúwo, ìsàlẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣan án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ọmọ bá sì ṣu sínú omi, kí gbogbo ènìyàn jáde, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má kó kílórìn pọ̀ mọ́ epo, òróró ẹ́ńjìnnì tàbí oúnjẹ. Òróró bíréèkì díẹ̀ tí ó bá kán sí ìyẹ̀fun yẹn lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣáná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló kù. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò tí NSITF ń bójú tó. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù wa. Bí ìpalára bá ṣẹlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14. Iléeṣẹ́ tí ó ní bohò tí a ń fi kílórìn sí wà lábẹ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a lọ ṣe nílé onílé, kò sí ẹni tí ó fi orúkọ wa sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ béèrè ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kí ẹ tó ṣí ike, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń wúkọ́.

Alága, mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa ra ohun èlò kan tí a fi ń dán kílórìn, pH àti bàbà wò, kí ó wà ní ọ́fíìsì wa, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ fọ adágún máa yá a lò. Àbúrò wa tí ó béèrè yóò lè mú un tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, yóò sì sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín dára, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àmì yìí: kílórìn kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju ibí lọ, nítorí àwọn ọmọ yín." Ọ̀gá tí ó bá gbọ́n yóò dúpẹ́.

 Ẹ̀mí wa yóò gùn, ẹgbẹ́ wa kò ní tú ká o.