Òṣìṣẹ́ epo yóò lọ, onílẹ̀ ni yóò kù

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí Deadhorse, àgọ́ iṣẹ́ epo rọ̀bì kan ní ìhà àríwá Alaska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo ní Prudhoe Bay, létí òkun yìnyín. Láti ọdún 1977 ni epo náà ti ń gba inú ọpá irin ńlá lọ sí èbúté Valdez. Ọpá náà gùn tó kìlómítà 1287.

Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí òkúta nítorí òtútù. Nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ fún nǹkan bí oṣù méjì. Nígbà ooru, kì í wọ̀ fún ju oṣù méjì lọ. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí. Kí nìdí? Bí ooru ilé bá kan ilẹ̀, yìnyín inú ilẹ̀ á yọ́, ilé á sì rì.

Ta ní ń gbé ibẹ̀? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wákàtí 12 lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, wọn á lọ sinmi nílé, ẹlòmíràn á gba ipò wọn. Owó iṣẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ lè yọ eyín kí bàbá rẹ̀ tó dé. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ibi tí a kì í ti í gbọ́ igbe ọmọ, ṣé ìlú nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká rántí pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Àwọn Iñupiat, tí í ṣe ọdẹ àti apẹja, ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí epo tó dé. Ní ọdún 1972, wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn sílẹ̀, North Slope Borough, kí wọ́n lè gba owó orí lórí ohun ìní àwọn ilé iṣẹ́ epo. Àwọn ilé iṣẹ́ epo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò borí. Owó orí yìí ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn sí àwọn abúlé wọn.

Ní ọdún 1988, epo tó ń gba ọpá náà kọjá tó mílíọ̀nù 2 àgbá lójúmọ́. Láti ìgbà náà, ó ti dín kù gidigidi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá rí ọrọ̀ nínú ilẹ̀ kan, ẹ má bèèrè iye àgbá nìkan. Ẹ bèèrè pé: lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ìkẹyìn bá di ẹrù rẹ̀, kí ni yóò kù sọ́wọ́ onílẹ̀?